Ọkọ̀ akẹ́rù oníná ń gbilẹ̀ láyé: ṣé àlòkù oní-dísẹ̀lì ni yóò jẹ́ ìpín tiwa?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti há rí sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Àpápá mọ bí èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń rí lọ́fun. Àwọn ọkọ̀ ńlá yóò tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹ́ńjìnì wọn kò ní kú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní kúrò lójú kan. Owó dísẹ̀lì tí wọ́n ń jó lórí ìdúró náà kì í sọnù sínú afẹ́fẹ́. Orí gààrí, orí sìmẹ́ńtì àti orí ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kọ ló ń padà sí. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn bá ń wọlé láti òkè òkun pé ọjà ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo iná mànàmáná ń gbèrú, kò yẹ kí a kàn mi orí, kí a sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó níná ni. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, ó sì kàn wá láti ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fọkàn sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọjà náà ṣe tó. Àjọ International Energy Agency, tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ agbára lágbàáyé, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2025 pé ọkọ̀ akẹ́rù oníná tí wọ́n tà káàkiri ayé lọ́dún 2024 lé ní 90,000. Èyí fi nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 pọ̀ ju ti ọdún 2023 lọ. Síbẹ̀, tí a bá kó gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n tà lọ́dún náà jọ, ti oníná kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ yìí lè di ìdá méjì náà mú kó má jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù oníná mẹ́wàá tí wọ́n tà, ó lé ní mẹ́jọ tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ti rà á, ìyẹn Ṣáínà. Ṣáínà yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ Howo tó kún ojú títì wa ti ń wá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọjà ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀, yóò pẹ́ ni, yóò yá ni, àpẹẹrẹ rẹ̀ yóò hàn ní Ṣágámù àti Ògèrè.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ṣáínà, tí kì í ṣe Amẹ́ríkà tí ariwo rẹ̀ kọ́kọ́ gba ayé kan? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ilé iṣẹ́ Tesla fi ọkọ̀ akẹ́rù oníná tí wọ́n pè ní Semi han gbogbo ayé, wọ́n sì ní ọdún 2019 ni àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2022 kí àwọn àkọ́kọ́ tó tẹ ilé iṣẹ́ PepsiCo lọ́wọ́. Ti ilé iṣẹ́ Nikola tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2018, wọ́n gbé fídíò kan jáde níbi tí ọkọ̀ wọn ti ń sáré lójú títì. Nígbà tó di ọdún 2020 ni àṣírí tú pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀ tó fi ń yí lọ sísàlẹ̀, pé agbára tirẹ̀ kọ́ ló ń gbé e. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilé iṣẹ́ náà forí lé kóòtù láti kéde pé òun ti wọko gbèsè. Ariwo kì í wa ọkọ̀.

Ní Ṣáínà, ìṣirò ló ṣíwájú. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrìn àjò tó jìn jù. Ibi tí ọkọ̀ kan ti ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: láti ibi ìwakùsà èédú dé ilé iṣẹ́ irin, láti èbúté dé ilé ìkẹ́rùsí. Ẹni tó ni ọkọ̀ tó ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ iye kìlómítà tí yóò rìn lóòjọ́, ó mọ ibi tí yóò sùn, ó sì mọ ibi tí yóò ti gba iná sára. Níbi tí wọn kò bá ti fẹ́ kí ọkọ̀ dúró pẹ́, wọ́n kọ́ àwọn ibùdó tí ẹ̀rọ ti ń yọ bátìrì tó ti tán, tí yóò sì fi èyí tó kún rọ́pò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú bí márùn-ún. Ìjọba wọn pẹ̀lú kò káwọ́ gbera. Lọ́dún 2024, wọ́n fún àwọn ọlọ́kọ̀ lówó ìrànwọ́ kí wọ́n lè kó ọkọ̀ dísẹ̀lì àtijọ́ lọ fún fífọ́, owó ìrànwọ́ náà sì pọ̀ sí i fún ẹni tó bá fi oníná rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, dísẹ̀lì tí wọ́n ń lò ní Ṣáínà lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ oníná wà lára ohun tó fà á, àwọn ọkọ̀ tó ń lo gáàsì náà sì dá sí i.

Ohun mìíràn tó ran ọjà náà lọ́wọ́ ni iye owó bátìrì. Lọ́dún 2010, bátìrì tó lè gba yúnìtì iná kan ṣoṣo lé ní 1,000 dọ́là. Lọ́dún 2024, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 115 dọ́là. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì máa ń fi ohun tó ju ìdajì agbára epo inú rẹ̀ ṣòfò sínú ooru, nígbà tí mọ́tò oníná ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ dé ẹsẹ̀ táyà. Níbi tí iná bá ti pọ̀ tó sì dínwó, ẹni tó ń fi ọkọ̀ rìn lójoojúmọ́ yóò rí iyàtọ̀ náà nínú àpò rẹ̀.

N kò ní torí èyí sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá lè wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta, ìwúwo yẹn sì lè gba àyè lọ́wọ́ ẹrù. Ní Yúróòpù, owó tí wọ́n ń ra ọkọ̀ oníná ṣì ga ju ti dísẹ̀lì lọ dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ìpínlẹ̀ California ṣe lọ́dún 2020 láti fi ipá mú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kí wọ́n máa ta oníná, ìjọba àpapọ̀ wọn ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Ọjà náà kò gbilẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Àmọ́ ibi tó ń forí lé ti hàn. Òfin tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí lọ́dún 2024 sọ pé èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ láti ara àwọn ọkọ̀ ńlá tuntun gbọ́dọ̀ dín kù ní ìdá 45 nínú 100 nígbà tó bá fi máa di ọdún 2030, àti ní ìdá 90 nígbà tó bá fi máa di ọdún 2040. Kò sí bí ilé iṣẹ́ kan ṣe lè mú òfin yìí ṣẹ tí yóò ṣì gbójú lé dísẹ̀lì nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di tiwa nìyí. Tí àwọn ọlọ́kọ̀ Yúróòpù bá ń ra oníná, níbo ni wọn yóò kó èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ sí? Tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ dísẹ̀lì ní Ṣáínà kò bá rí i tà nílé mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ta ni wọn yóò máa tà á fún? A kò nílò babaláwo tí yóò dáhùn. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìwádìí kan jáde lọ́dún 2020 lórí àwọn ọkọ̀ kéékèèké àlòkù. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àti pé ìdá 80 nínú 100 ló lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ló gba èyí tó ju ìdajì lọ. Ọ̀nà tí tòkunbọ̀ kéékèèké ń gbà wọlé náà ni tòkunbọ̀ ńláńlá yóò gbà. Bí wọ́n bá ṣe ń pa dísẹ̀lì tì lọ́hùn-ún ni yóò máa dínwó fún wa níhìn-ín, ìdínwó náà ni yóò sì jẹ́ ìdẹ tí yóò mú wa.

Mo pè é ní ìdẹ nítorí pé owó tí a fi rà á kọ́ ni gbogbo owó tí yóò ná wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ. Ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń fà á símú láti àárọ̀ di alẹ́. Ọmọ tó ń kiri omi láàárín ọkọ̀ ń fà á símú. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ń sùn sínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí a ó tún lò fún ogún ọdún sí i, gbèsè tí a ń jẹ ara wa lọ́fun ni.

Mo mọ ohun tí òǹkàwé yóò fi dá mi lóhùn: iná dà? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní gbójú fò ó. Àwọn àgbà sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo ilé tiwa pẹ̀lú ìṣirò. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ru ẹrù lè jó nǹkan bí 40 lítà dísẹ̀lì fún 100 kìlómítà. Oníná yóò jẹ nǹkan bí 150 yúnìtì fún ọ̀nà kan náà. Tí a bá ní lítà dísẹ̀lì kan jẹ́ ₦1,000, ₦40,000 nìyẹn. Tí a bá lo ₦225 lórí yúnìtì kan, ìyẹn iye tí wọ́n kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 fún àwọn tó wà ní Band A, ₦33,750 ni yóò jẹ́. Èrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó láti san àfikún owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ náà kíákíá. Ẹ tún wá wò ó: tí iná bá lọ, tí a sì tan jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Lítà dísẹ̀lì kan nínú jẹnẹrétọ̀ kì í sábà mú ju yúnìtì mẹ́ta ààbọ̀ wá. A ó jó ohun tó lé ní 42 lítà kí ọkọ̀ tó gba 150 yúnìtì sára. Dísẹ̀lì tí a ń sá fún yóò wá pọ̀ ju èyí tí ọkọ̀ dísẹ̀lì gan-an ìbá jó lọ. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná, tó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ bọ́ ọ, ẹ̀gàn ló rà.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní dara pọ̀ mọ́ àwọn tí yóò máa pariwo pé kí gbogbo ọkọ̀ tó ń ná Èkó sí Kánò di oníná lọ́la. Fún ọ̀nà jíjìn, gáàsì CNG tí ìjọba àpapọ̀ ti ń polówó láti ọdún 2023 lè gbé wa dé ibì kan ná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé ìfọpo Dangote kéde pé òun yóò kó ọkọ̀ 4,000 tó ń lo gáàsì yìí jáde láti máa pín epo. Ohunkóhun tí ènìyàn ì báà rò nípa ilé iṣẹ́ náà, ohun kan wà tí ìkéde yẹn fi hàn: ẹni tó bá ní ìdí tó sì ṣírò owó rẹ̀ lè yí irú ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ń lò padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ pé kò ṣeé ṣe nílẹ̀ wa ti di àwáwí.

Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a ṣe bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ṣe, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀nà kò ti gùn tí ìrìn kò sì yí padà. A ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ńtì ń jáde láti Ewékorò àti Ṣágámù lọ sí Èkó lójoojúmọ́, ìrìn tí kò tó 100 kìlómítà. Àpótí ẹrù ń kúrò ní èbúté Àpápá, àti láti ọdún 2023 ní èbúté Lekki, lọ sí àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà káàkiri Èkó àti Ògùn. Ọkọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń padà sí ọgbà kan náà lálẹ́. Ọgbà bẹ́ẹ̀ ni a lè to pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba agbára oòrùn sí, kí a fa wáyà iná tó ṣeé gbára lé dé ibẹ̀ nìkan, kí a sì pa bátìrì àpààrọ̀ mọ́ síbẹ̀. A kò nílò kí gbogbo Nàìjíríà níná kí ọgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lè níná.

Ta ni yóò ṣe é? Láyé àtijọ́, a lè sọ pé Àbújá ló so wá lọ́wọ́. Àwáwí yẹn ti tán. Òfin iná mànàmáná tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti pèsè iná, láti gbé e káàkiri, kí wọ́n sì máa ṣàkóso ọjà rẹ̀ fúnra wọn. Àjọ NERC ti gbé àṣẹ ìṣàkóso náà lé àwọn ìpínlẹ̀ kan lọ́wọ́, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn sì wà lára wọn. Àwọn gómìnà wa ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Iná tí yóò dé ọgbà ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Ṣágámù, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn lè jókòó pẹ̀lú àwọn oníṣòwò, kí wọ́n sì fẹnu kò lé e lórí láì dúró de ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu ibodè. Ní ọdún 2020, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò pé láti oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ bá ìlànà èéfín kan pàtó mu, kí ó má sì ti dàgbà ju iye ọdún kan lọ. Ẹ jáde síta, kí ẹ wo èéfín tó ń tú lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ wa, ẹ ó mọ bí a ṣe ń pa òfin yẹn mọ́ sí. Bí ibodè bá ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àlòkù tó dínwó, kò sí oníṣòwò tó máa ṣírò ti oníná, nítorí pé ìṣirò náà kò ní bọ́ sí i láéláé.

Àmọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀rọ̀ yìí láti fi ni mẹ̀kúnnù lára. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù lójú títì wa kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ti ẹnì kan tó dá àjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí tó yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ni. Ọkọ̀ náà ni oko rẹ̀, òun ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìjọba Ṣáínà sanwó fún àwọn tiwọn kí wọ́n tó gba ọkọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Tí tiwa kò bá lè sanwó, a jẹ́ pé kò ní ẹ̀tọ́ láti gbà á. Èyí tó ti wọlé, kí a fi í sílẹ̀ kó lo ọjọ́ rẹ̀ pé, kí a sì máa yẹ èéfín rẹ̀ wò. Èyí tí kò tíì wọlé ni kí a ti ilẹ̀kùn mọ́.

Kí a sì rántí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọkọ̀ oníná kò ní ẹ́ńjìnì tí a ń tú palẹ̀ bíi ti dísẹ̀lì, kì í sì í mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní ọjà Ládípọ̀ ni kò ní wúlò fún un. Ṣùgbọ́n ó ní wáyà, ó ní bátìrì, ó ní kọ̀ǹpútà, àwọn oníná mọ́tò tí a ń pè ní rìwáyà ni wọ́n sì sún mọ́ iṣẹ́ yìí jù lọ. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nísinsìnyí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, àwọn ni yóò máa tún un ṣe nígbà tó bá dé. Tí a kò bá kọ́ wọn, àjèjì ni yóò máa bá ọkọ̀ wá, tí yóò sì máa bá owó iṣẹ́ lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù oníná kì í ṣe idán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlá. Ó ń gbilẹ̀ níbi tí wọ́n ti jókòó ṣírò ọ̀nà, iná àti owó. Ohun tí wọ́n bá sì pa tì lọ́hùn-ún, ẹ̀bá òkun wa ló ń bọ̀. Àwọn gómìnà tó ń wá ìbò wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ilẹ̀ yìí yóò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa títì àti afárá. Nígbà tí wọ́n bá dé, ẹ bi wọ́n ní ohun méjì péré: ọgbà ọkọ̀ akẹ́rù wo ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé iná dé, ọjọ́ wo sì ni? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn nínú wọn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé a ti rí i pé àlòkù ló fẹ́ kó fún wa.